Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá àwọn opó ṣírò owó

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1746 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Colin Maclaurin kú nílùú Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Ìyàwó rẹ̀ wà láyé, ọmọ márùn-ún sì ń wojú ìyá wọn, ọkùnrin méjì, obìnrin mẹ́ta. John, àgbà nínú àwọn ọkùnrin náà, kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ.

Àwọn tó bá ti kọ́ ìṣirò débi gíga ní yunifásítì á mọ orúkọ ọkùnrin yìí, nítorí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n fi ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú títí dòní. Kì í ṣe ìyẹn ló gbé e dé ojú ìwé tí àwọn oníṣòwò ń kà. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni iṣẹ́ kan tó ṣe lọ́dún 1743, ọdún mẹ́ta kó tó kú, nígbà tí àwọn pásítọ̀ gbé ìwé ìṣirò tọ̀ ọ́ wá pé kó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá owó tí àwọn fẹ́ máa dá jọ á lè bọ́ àwọn opó. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kan, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, tàbí mọ́tò kan tó fi ń kó èrò, tó sì ní aya àti ọmọ nílé, ọ̀rọ̀ náà kàn án ju bó ṣe rò lọ.

Maclaurin mọ ohun tí ikú bàbá máa ń fi ojú ọmọ rí. Oṣù kejì ọdún 1698 ni wọ́n bí i ní Kilmodan, ní agbègbè Argyll, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe pásítọ̀. Ọmọ náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí bàbá fi kú. Ìyá forí tì í, ó ń tọ́ àwọn ọmọ tó kù sí i lọ́wọ́, àmọ́ nígbà tó di ọdún 1707 òun náà kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Colin nígbà yẹn. Daniel, tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tóun náà jẹ́ pásítọ̀ ní Kilfinan, ló gbà á tọ́.

Ká ní kò sí Daniel ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹni tó ń dá ṣòwò máa bi ara rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí tó lójú àánú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé àdéhùn. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n máa sin ín sí tán, wọ́n á ti kó ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, wọ́n á sì tún ní kí opó wá sọ ibi tí ìwé ilé wà.

Ọmọ tí Daniel gbà tọ́ kò jẹ́ kó kábàámọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wọ Yunifásítì Glasgow. Lọ́dún 1717, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ du ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Marischal College nílùú Aberdeen. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi dán òun àti ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà wò, òun ló sì borí. Títí di ọdún 2008, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kéré tó o lọ́jọ́ orí lágbàáyé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni mímọ́ ni o. Lọ́dún 1722, ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Lord Polwarth ní kó wá bá òun mú ọmọ òun rin ìrìn àjò, kó máa ṣe olùkọ́ rẹ̀. Maclaurin di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sílẹ̀ Faransé, kò gbàyè lọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó fún un ní Aberdeen. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn yẹn kéde pé ipò rẹ̀ ti ṣófo. Òótọ́ ni pé kò fi àkókò náà ṣòfò, ó gba ẹ̀bùn ńlá lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1724. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mú lọ kú ní Montpellier, Maclaurin sì ní láti padà wálé wá bẹ àwọn tó já sílẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dójú àmì, tó sì tún máa ń sá níṣẹ́, á mọ irú ojú tí àwọn ará Aberdeen fi wò ó.

Ìlú Edinburgh ló wá gbà á lọ́wọ́ wọn. James Gregory, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò tó wà níbẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí àìlera, àmọ́ owó oṣù ṣì jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí owó tó dájú tí wọ́n máa fún ẹni tó bá dúró fún un. Isaac Newton ló dá sí i. Baba arúgbó náà kọ̀wé pé kí wọ́n gba Maclaurin, ó ní òun ṣe tán láti máa fi ogún póùn kún owó rẹ̀ lọ́dọọdún láti inú àpò ara òun. Ọdún 1725 ni wọ́n gbà á síṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Scotland láyé ìgbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ ti ń jáde. Bí kíláàsì bá kún, ìkòkò ọbẹ̀ kún. Bí kíláàsì bá gbẹ, kí kálukú rọra. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló ń wá sọ́dọ̀ Maclaurin lọ́dọọdún, ó sì ń kọ́ wọn láti àárọ̀ títí ọjọ́ fi máa lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, owó kíláàsì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Kò sì fi ìṣirò rẹ̀ mọ sínú kíláàsì. Lọ́dún 1735, ó ṣe iṣẹ́ kan fún àwọn tó ń bá ìjọba gba owó orí ọjà. Àgbá molasses, ìyẹn omi ṣúgà dúdú tó máa ń ki bí oyin, ń dé sí Glasgow láti àwọn erékùṣù West Indies. Ikùn àgbá yọ síta, orí àti ìdí rẹ̀ sì kéré, ó sì lè má kún tán. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ iye ọjà tó wà nínú rẹ̀ gan-an, tí ìjọba kò fi ní rẹ́ oníṣòwò jẹ, tí oníṣòwò kò sì ní rẹ́ ìjọba jẹ? Maclaurin kọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọ̀n ọ́n fún wọn. Ẹni tó bá ti bá ìyá alágbàdo jà rí lórí kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbá yìí sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀.

Láàárín èyí, ó ti fẹ́yàwó. Anne Stewart, ọmọ Walter Stewart tó jẹ́ ọ̀gá agbẹjọ́rò fún ìjọba ní Scotland, ló gbé níyàwó lọ́dún 1733. Ọmọ méje ni wọ́n bí, méjì nínú wọn kò sì dàgbà.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn opó. Pásítọ̀ ìjọ Scotland nígbà náà kì í sábà lówó, ṣùgbọ́n ó ní ilé tó ń gbé. Ilé ìjọ ni. Ọjọ́ tó bá kú, ìyàwó rẹ̀ gbọ́dọ̀ palẹ̀ mọ́ kí pásítọ̀ tuntun lè kó wọlé. Owó ìdajì ọdún ni wọ́n máa san fún àwọn tó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àánú ló kù. Obìnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní ìyá ìjọ láàárọ̀ lè máa wá ibi tó máa sùn sí ní alẹ́.

Pásítọ̀ méjì ló pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́: Robert Wallace àti Alexander Webster, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Edinburgh. Webster yìí fẹ́ràn wáìnì pupa débi pé wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àmọ́ wáìnì kò ní kó má kọ lẹ́tà. Ó kọ̀wé sí àwọn ìjọ káàkiri ilẹ̀ Scotland, ó ń béèrè: pásítọ̀ mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín? Mélòó ló kú láàárín ọdún tó kọjá? Mélòó ló fi ìyàwó sílẹ̀? Ọmọ wọn ńkọ́? Nígbà tí ìdáhùn pé, ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí 930 pásítọ̀ ló máa ń wà láàyè lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú wọn, bí 27 ló ń kú lọ́dún kan. Nínú àwọn 27 yìí, 18 máa fi opó sílẹ̀. Nínú àwọn tí kò fi opó sílẹ̀, márùn-ún máa fi ọmọ aláìlóbìí sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò mọ pásítọ̀ tó máa kú lọ́dún tó ń bọ̀. Síbẹ̀ wọ́n mọ iye tó máa kú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà gbọ́ nípa inṣọ́ránsì títí dòní nìyẹn, wọ́n ní ta ló rí ọ̀la. Kò sẹ́ni tó rí i. Àmọ́ ẹni tó ń ta búrẹ́dì kò mọ oníbàárà tó máa kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ọ̀la, ó kàn mọ̀ pé bí ogójì ló máa ń wá, iye tó sì máa yan nìyẹn.

Wallace kó ìṣirò náà lé Maclaurin lọ́wọ́ lọ́dún 1743. Ibi tí ọgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ti wúlò nìyí, ó sì yẹ kí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kankan fara balẹ̀ kà á. Àjọ tí àwọn èèyàn ń dá kò ní ìṣòro ìṣirò. Bí èèyàn méjìlá bá ń dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣù, ọ̀kẹ́ mẹ́fà náírà ni ẹni tó bá kàn máa kó, nígbà tó bá sì fi máa pé ọdún, kálukú ti kó iye tó dá. Ohun kan ṣoṣo tó lè ba àjọ jẹ́ ni kí ẹnì kan kó tirẹ̀ tán kó sá, tàbí kí alájọ gbé owó lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá ṣèlérí pé opó ẹni tó bá kú á máa gba owó lọ́dọọdún títí òun náà á fi kú, ohun mìíràn ni ìyẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, opó 18 ni. Lọ́dún kejì, 18 mìíràn á dé bá wọn. Lọ́dún kẹwàá, wọ́n á ti lé ní ọgọ́rùn-ún, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé kò tíì kú. Iye wọn á máa gòkè bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dúró sójú kan.

Ohun tó ń pa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó á pọ̀ nínú àpótí ju iye opó lọ, inú gbogbo èèyàn á dùn, akápò á di ẹni ńlá, ẹnì kan á sì dìde nípàdé pé ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ ra aṣọ ẹgbẹ́. Owó tí wọ́n ń wò pé ó ṣẹ́ kù yẹn, owó àwọn opó tí ọkọ wọn ṣì wà láyé ni. Maclaurin lo àkọsílẹ̀ tí Edmond Halley ṣe lọ́dún 1693 láti inú ìwé ìbí àti ikú ìlú Breslau, èyí tó fi hàn bí ikú ṣe ń mú èèyàn tó ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, ó sì fi yẹ ìwé Wallace wò, ó tún ibi tó yẹ ṣe.

Àbájáde rẹ̀ di òfin ìjọba lọ́dún 1744. Pásítọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan nínú ìpele mẹ́rin. Ẹni tó bá mú èyí tó kéré jù á máa san póùn méjì, ṣílè méjìlá àti sísì lọ́dún, opó rẹ̀ á sì máa gba póùn mẹ́wàá lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mú èyí tó ga jù á máa san póùn mẹ́fà, ṣílè mọ́kànlá àti tọ́rọ́, tiẹ̀ á sì máa gba póùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn àgbà tó ná ṣílè àti tọ́rọ́ rí nílẹ̀ yìí á mọ̀ pé sísì kan kì í ṣàdédé wọnú ìṣirò, ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń kà. Wọn kò fi owó náà sínú àpótí lásán, wọ́n ń yá a fáwọn pásítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èlé rẹ̀ sì ń wọlé, kí ojú owó má bàa jẹ́ ohun tí wọ́n ń bù jẹ. Àwọn olùkọ́ yunifásítì náà wà nínú ètò ọ̀hún pẹ̀lú àwọn pásítọ̀.

Wọ́n tún kọ iye tó yẹ kó wà nínú àpò náà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Nígbà tó di ọdún 1765, owó tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbàá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n póùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ti ṣírò tipẹ́ jẹ́ póùn kan péré. Maclaurin kò sí láyé mọ́ láti rí i.

Ẹni tó bá ní ètò àwọn pásítọ̀ kò ṣeé gbé wọ ọjà báyìí-báyìí kò parọ́. Owó pásítọ̀ dájú lọ́dọọdún, ti alátẹ kò dájú, oṣù tí òjò bá pọ̀ lè gbé gbogbo èrè oṣù méjì lọ. Òfin ló sì fi dandan lé e pé kí pásítọ̀ tuntun máa san, ta ló máa fi dandan lé télọ̀? Àléébù mìíràn wà tó tún tóbi ju ìyẹn lọ: opó ahunṣọ tó wà ládùúgbò kan náà pẹ̀lú opó pásítọ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ó di ọdún 1815 kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ Scottish Widows sílẹ̀ ní Edinburgh fáwọn ará ìlú tó kù, tí ilé ìfowópamọ́ Lloyds TSB sì wá rà á lọ́dún 2000.

Síbẹ̀, ohun tó ṣeé mú níbẹ̀ kò níye lórí. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ti wà fún ogún ọdún ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Akọ̀wé lè jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan kó ka iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, iye tó fi aya tàbí ọkọ sílẹ̀, iye tí àwọn ọmọ wọn kò tíì tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí Webster ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, owó lẹ́tà ló ná an. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ iye wọ̀nyí, tó sì ń ṣèlérí owó ìrànwọ́ fún ìdílé òkú, ń ta ohun tí kò mọ iye tó rà á ni. Àwọn kan máa ń sọ pé ka ikú kì í ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí, pé ó dà bí ẹni ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí ti na ọ̀pọ̀ opó ní pàṣán. Ẹni tó ra aṣọ àǹkárá ìsìnkú fún igba èèyàn ti ka ikú náà, ẹ̀yìn tó ti ṣẹlẹ̀ ló kàn tó kà á.

Ní ti Maclaurin fúnra rẹ̀, ogun ló mú un lọ. Lọ́dún 1745, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Charles Edward Stuart ń bọ̀ wá gba Edinburgh, òun ni wọ́n pè kó wá tún odi ìlú ṣe. Ó ṣe é tọ̀sán-tòru, àmọ́ ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹsàn-án. Ó sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú York sì gbà á sílé. Nígbà tó ń padà bọ̀ nínú òtútù, ó ti já bọ́ látorí ẹṣin, ara rẹ̀ kò sì le mọ́ títí ó fi kú. Inú ọgbà ìsìnkú Greyfriars ni wọ́n sin ín sí.

Ó fi ohun mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó ti kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ Newton, ìyẹn ọkùnrin tó fẹ́ máa fi ogún póùn ràn án lọ́wọ́. Patrick Murdoch, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló tò ó pọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1748. Wọ́n kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé àwọn ọmọ òǹkọ̀wé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún, àwọn ènìyàn sì ti forúkọ sílẹ̀ láti rà á. Ọjà bàbá ṣì ń tà lẹ́yìn ikú rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń lọ sílé tó yẹ kó lọ.

John, ọmọ ọdún mọ́kànlá ọjọ́sí, kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1770, ẹjọ́ kan dé ilé ẹjọ́ gíga ní Edinburgh. Joseph Knight ni orúkọ ọkùnrin tó pẹjọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó o nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n tà á ní Jamaica fún John Wedderburn, ẹni tó ní oko ìrèké, ìyẹn wá mú un wá sí Scotland lọ́dún 1769. Knight fẹ́ Ann Thomson, ìránṣẹ́ kan nínú ilé náà, ó sì fẹ́ lọ máa gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wedderburn ní kò lè lọ síbì kankan, òun ni òun ni ín. John Maclaurin wà lára àwọn lọ́yà tó dúró fún Knight.

Iṣẹ́ àwọn ẹrú bíi Knight ló kún inú àgbá tí bàbá rẹ̀ wọ̀n ní Glasgow lọ́dún 1735. Lọ́dún 1778, adájọ́ mẹ́jọ nínú méjìlá dájọ́ pé òfin Scotland kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrú, Knight sì di òmìnira láti máa gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n fi John Maclaurin jẹ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ yẹn kan náà.